Ká Pa Kòkòrò, Ká Má Pa Ara: Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Ámínò-Ásíìdì Nínú Ara Wíwú Òjijì

Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti apòògùn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí wá síbí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn èròjà tó ń jáde láti ara ámínò-ásíìdì, bí wọ́n ṣe ń mú ara tó wú rọlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pa bakitéríà. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ máa bi ara wa títí tí n ó fi jókòó: ǹjẹ́ a lè rí èròjà kan tí yóò pa kòkòrò, tí èròjà kan náà yóò sì mú kí ara tó ń bínú dẹwọ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwú fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, kí la máa ń rí? Ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro ènìyàn. Celsus, ará Róòmù, ti kọ àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé àrùn ni wíwú yìí. Kì í ṣe àrùn. John Hunter, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland, ti là á mọ́lẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1794, lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé iṣẹ́ àtúnṣe ni ara ń ṣe nígbà tó bá ń wú.

Ta ni ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe náà? Ní 1882, Élie Metchnikoff, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, wà ní Messina, ní Ítálì. Ó mú ọmọ ẹja ìràwọ̀ inú òkun, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ojú ń rí inú rẹ̀ láti ìta, ó sì fi ẹ̀gún òdòdó rose gún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti rọ́ wá láti gbogbo ìhà, wọ́n ti ṣùrù bo ẹ̀gún náà. Ìran yẹn ló tọ́ ọ dé ẹ̀bùn Nobel ní 1908, tí òun àti Paul Ehrlich jọ gbà. Ohun tó rí lára ẹja ìràwọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lára èmi àti ẹ̀yin: sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ síbi tí ọgbẹ́ wà, ó ń gbé kòkòrò mì, ó sì ń da oró lù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọlọ́dẹ tó gbọ́ pé olè wọlé lóru, tó wá ń yìnbọn nínú yàrá. Olè lè kú lóòótọ́. Àmọ́ fèrèsé á fọ́, ògiri á lu, ọmọ onílé pàápàá lè fara gbọta. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì funfun ń ṣe nìyẹn. Oró tó ń dà lu bakitéríà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bakitéríà àti ẹran ara wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ara wíwú òjijì wà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀, ó sì yẹ kó parí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá parí, tàbí tó bá kọjá ààlà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹni tí ámínò-ásíìdì jẹ́. Wọ́n ni àwọn mólékù kéékèèké tí ara fi ń kọ́ pròtéènì. Ogún ni àwọn tí ara ń lò jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìpẹ̀kun méjì tí nǹkan mìíràn lè so mọ́, àti ẹ̀ka kan tó mú kó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ó rọrùn láti gé ohun kan kúrò lára rẹ̀, ó sì rọrùn láti lẹ ohun kan mọ́ ọn. Ara wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì náà ń ṣe é nínú ilé ìwádìí. Ohun tuntun tó bá jáde nínú gígé àti lílẹ̀ yẹn ni mo ń pè ní ọmọ ámínò-ásíìdì lónìí.

Ó tó àkókò láti gbọ́ ohun tó lè ya yín lẹ́nu. Àwọn ọmọ ámínò-ásíìdì ló ń dá ìjà yìí sílẹ̀ gan-an! Ẹ mú histidine, ọ̀kan lára àwọn ámínò-ásíìdì. Bí ara bá gé ìpẹ̀kun ásíìdì rẹ̀ dànù, ó di histamine, èyí tí Henry Dale àti Patrick Laidlaw ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1910. Histamine ló ń ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí omi fi ń jò jáde, tí ibẹ̀ fi ń wú. Ẹ mú bradykinin, okùn ámínò-ásíìdì mẹ́sàn-án péré, tí Maurício Rocha e Silva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Brazil ní 1948 nígbà tí wọ́n ń wo ohun tí oró ejò ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀. Òun wà lára ohun tó ń mú kí ojú ọgbẹ́ máa ro wá. Ẹ sì mú arginine. Ara ń fa nitric oxide yọ láti inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì ń lò láti pa kòkòrò. Iṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́ yìí ló mú ẹ̀bùn Nobel wá fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní 1998.

Ẹnìkan á ní, ó dáa, bí arginine bá ń bí afẹ́fẹ́ tó ń mú ara wú, kí la ṣe tí a ò dí i lọ́nà? Ìbéèrè rere ni. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí mọ ìtàn náà dáadáa. Nígbà tí bakitéríà bá wọ ẹ̀jẹ̀, tí wíwú tàn ká gbogbo ara, nitric oxide á pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, aláìsàn á sì dákú. Àwọn onímọ̀ wá lẹ ẹ̀ka kékeré kan tó ń jẹ́ mẹ́tílì mọ́ arginine, ó di ọmọ ámínò-ásíìdì kan tó jọ arginine lójú ẹ́ńsáìmù, ìyẹn pròtéènì tó ń sọ arginine di nitric oxide, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé lò. Ó jókòó sí àyè arginine, ó sì dí ọ̀nà pa. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn gòkè. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n fún àwọn aláìsàn nínú ìwádìí ńlá kan tó ní ènìyàn 797, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn náà, 59 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á, 49 ló kú. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kíá. Ọ̀rọ̀ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ nínú ikú tó lé sí i náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba etí kan wọlé kó gba èkejì jáde. Èròjà yẹn mú àmì àìsàn rọlẹ̀ dáadáa, ẹ̀rí sì wà lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan bakitéríà tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ohun tí ara ń lò fún ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ mìíràn. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí bakitéríà bá ṣì wà, ara ò ní yé jà, ẹni tó bá sì de ọlọ́dẹ lọ́wọ́ nígbà tí olè ṣì wà nílé kò gba onílé là.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú yín lọ sọ́dọ̀ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, n ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1827, Friedrich Tiedemann àti Leopold Gmelin, àwọn ọmọ Jámánì, yọ èròjà kan jáde láti inú òróòro akọ màlúù. Taurine la mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ara ámínò-ásíìdì kan tó ń jẹ́ cysteine ni ara wa ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í bá wọn wọ inú pròtéènì. Ó dá wà lómìnira. Fún ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú òróòro ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí wọ́n wá yẹ inú neutrophil wò, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà, wọ́n rí i pé taurine pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo ámínò-ásíìdì yòókù tó wà lómìnira lọ. Kí ló ń wá nínú ọmọ ogun?

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Neutrophil ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ myeloperoxidase. Ẹ́ńsáìmù yìí ń mú hydrogen peroxide, ó ń fi iyọ̀ inú ara pò ó, ó sì ń sọ ọ́ di hypochlorous acid. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ohun kan náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú blíìṣì ni. Sẹ́ẹ̀lì wa ń po blíìṣì láti fi pa bakitéríà! Kò sí bakitéríà tó ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara wa náà ò gbádùn rẹ̀. Níbẹ̀ ni taurine ti ń wọlé. Ó gba klórínì inú oró náà sára, ó sì di taurine chloramine. Ìbínú oró náà rọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tán. Ó ṣì ń pa bakitéríà, ó kàn ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ni, láìjó ẹran ara tó yí i ká.

Ìyẹn nìkan ti tó láti yin taurine. Ṣùgbọ́n ó kù. Taurine chloramine tún ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pariwo ìjà, ó sì ń dín àwọn èròjà tí wọ́n ń tú jáde láti fi mú kí ara wú kù: TNF-α, IL-6, nitric oxide, prostaglandin E2. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Pròtéènì kan wà tó ń jẹ́ NF-κB, òun ló ń wọ àárín sẹ́ẹ̀lì lọ pàṣẹ pé kí wíwú bẹ̀rẹ̀. Pròtéènì mìíràn, IκBα, ló dì í mú sẹ́nu ọ̀nà. Bí ìdágìrì bá dé, sẹ́ẹ̀lì á fọ́ IκBα túútúú, NF-κB á sì bọ́. Taurine chloramine ń yí ámínò-ásíìdì kan ṣoṣo, methionine, padà lára IκBα, èyí tó wà ní ipò 45. Lẹ́yìn ìyẹn, IκBα kò ṣeé fọ́ mọ́ bọ̀rọ̀, NF-κB kò sì rí àyè wọlé. Ámínò-ásíìdì kan lára pròtéènì gbogbo, ìyẹn ti tó láti pa àṣẹ ogun tì!

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni àsìkò. Ara kì í ṣe taurine chloramine pamọ́ dè wá. Ojú ìjà ni ó ti ń jáde, láti inú oró ìjà náà. Ibi tí ìjà bá ti gbóná jù ni ó ti ń pọ̀ jù. Ìgbà tí ìjà bá rọlẹ̀, òun náà á dín. Kò sí oògùn tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe tí mo mọ̀ tó mọ àyè àti àsìkò tó báyìí.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Innsbruck, ní orílẹ̀-èdè Austria, Waldemar Gottardi àti Markus Nagl, sọ pé bí ara bá ń lò ó, kí ló dé tí àwa ò lè lò ó? Wọ́n ṣe iyọ̀ rẹ̀ tó ṣeé pò mọ́ omi, ìwọ̀n 1% ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n sì dán an wò lójú, nínú etí, àti lórí egbò ẹsẹ̀ tó ti pẹ́. Nínú ilé ìwádìí, kò mú kánkán tó ọ̀pọ̀ oògùn ojú egbò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àrà: nínú omi egbò àti ọyún, ibi tí ọ̀pọ̀ oògùn ti máa ń rọ, tirẹ̀ lè mú sí i. Ammonium tó wà nínú omi egbò máa ń gba klórínì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń di chloramine kékeré kan tó tètè ń wọ inú bakitéríà. Bákan náà, ojú ibi púpọ̀ ló ti ń gbá bakitéríà mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ibì kan tí bakitéríà lè yí padà kó fi bọ́. Ó tún ní ìbátan kan, taurine bromamine, tí Janusz Marcinkiewicz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kraków ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lé lórí, pàápàá lórí bakitéríà inú irorẹ́. N ò ní dúró síbẹ̀ lónìí.

Òbí taurine ni cysteine. Ọmọ cysteine mìíràn wà tí gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbí mọ̀ dáadáa: acetylcysteine. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń lò ó láti mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki rọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni ó ti ń gba ẹ̀dọ̀ ẹni tó lo paracetamol lálòjù là, nítorí pé ó ń bá ara ṣe glutathione, èròjà tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa oró, èyí tó ti tán. Ó ń dín NF-κB kù nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń tú awọ yíyọ̀ tí bakitéríà fi ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kóra jọ sójú kan. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kó jẹ́ akọni? Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane kó àwọn ìwádìí jọ ní 2012 lórí àwọn aláìsàn tí wíwú ti tàn ká gbogbo ara wọn, fífi abẹ́rẹ́ acetylcysteine sínú iṣan kò dín ikú kù. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà jáde níbí lọ máa rà á jẹ nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa pípa bakitéríà gan-an. Ìwádìí kan ṣírò pé ní ọdún 2019 nìkan, bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́ ló ṣokùnfà ikú mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọmọ ámínò-ásíìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá pa bakitéríà ni. Penicillin tí Alexander Fleming rí ní 1928, kí ni olú fi ń ṣe é? Ámínò-ásíìdì méjì, cysteine àti valine, wà nínú egungun rẹ̀. Cycloserine tí a fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti le, ó jọ ámínò-ásíìdì alanine débi pé bakitéríà mú un lò, kò sì rí ògiri ara rẹ̀ kọ́ mọ́. Àwọn wọ̀nyí ń pa kòkòrò. Àmọ́ fífọkàn ara balẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yà mìíràn tún wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń lẹ ọ̀rá mọ́ ámínò-ásíìdì. Àpẹẹrẹ tó yọrí ni lauroyl arginate, tí wọ́n fi arginine àti ásíìdì ọ̀rá ṣe, tí a ń fi pa ẹran tí a ti fi iná sè mọ́ kúrò lọ́wọ́ bakitéríà, E243 ni nọ́ńbà rẹ̀ ní Yúróòpù. Apá arginine ń fà mọ́ awọ ara bakitéríà, apá ọ̀rá sì ń dá a lu. Ó mọ́ gaara, ó yé ni. Ewu ibẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa náà ní awọ. Bí ọ̀rá tí a lẹ̀ mọ́ ọn bá ti gùn jù, tàbí tó bá ti pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì tiwa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ tòsí nísinsìnyí, torí ibi tí mo ní ẹ̀dùn ọkàn sí jù ni mo kàn. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ámínò-ásíìdì tuntun kan ń mú wíwú rọlẹ̀? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí Winter, Risley àti Nuss gbé jáde ní 1962. A ó fún eku ní èròjà tí a fẹ́ dán wò, a ó wá gún un lábẹ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú carrageenan, ohun tí wọ́n ń fà yọ láti ara ewéko pupa inú òkun. Ẹsẹ̀ náà á wú fún wákàtí mélòó kan. Histamine àti serotonin ló ń ṣáájú, prostaglandin ló ń tẹ̀ lé e. A ó máa wọn bó ṣe wú tó. Báwo la sì ṣe ń mọ̀ pé ó ń pa bakitéríà? A ó da bakitéríà sínú ìgò tí omi oúnjẹ wọn wà, a ó fi èròjà náà sí i ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, a ó wo ìwọ̀n tó kéré jù tí wọn ò ti lè hù mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ẹsẹ̀ eku yẹn, ǹjẹ́ bakitéríà wà níbẹ̀? Kò sí. Nínú ìgò yẹn, ǹjẹ́ ara wà níbẹ̀? Kò sí. Àwọn ènìyàn á wá ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á so àbájáde wọn pọ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé èròjà yìí ń mú wíwú rọlẹ̀, ó sì ń pa bakitéríà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí aláìsàn nílò láti mọ̀ nìyẹn. Ohun tí aláìsàn nílò ni pé, nínú egbò kan náà, níbi tí bakitéríà ti ń hù, tí ọyún ti ń jáde, tí neutrophil ń po blíìṣì, kí lèròjà yìí máa ṣe? Ó lè rọ mọ́ pròtéènì inú ọyún kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Ó lè mú kí neutrophil dákẹ́ kó tó pa bakitéríà tó kù. Ìtàn àwọn ènìyàn 797 yẹn ti fi hàn wá pé ohun tó dára lójú ìwọ̀n lè ṣe aláìsàn níbi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi bakitéríà sínú egbò eku náà. Ẹ ka iye bakitéríà tó kù, ẹ sì wọn wíwú rẹ̀, lára eku kan náà, ní wákàtí kan náà. Ẹ dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kí ẹ tó kọ pé kò léwu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a lè fi pa ojú egbò, ojú àti etí, níbi tí èròjà náà ti lè pọ̀ tó, kí ẹ tó ronú abẹ́rẹ́. Èyí ni ọ̀nà tí àwọn ará Innsbruck gbà, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí iṣẹ́ wọn fi kúrò nínú ìgò dé ara ènìyàn.

Mo ti gba àkókò yín tó. Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí taurine ni kó kọ́kọ́ nawọ́, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa pọ̀ sí jù.